Eyín Kì Í Ṣe Owó Ìbímọ

Ọ̀rọ̀ owó la sábà máa ń sọ níbí, ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí láàárín ara wa kò jẹ́ ká lè dákẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó wa ní Ìrẹmọ lóyún. Bó bá ti ń fọ ẹnu, ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Wọ́n ní, "Oyún ló fà á, fi sílẹ̀." Wọ́n tún ní aláboyún kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín. Ó bí, ọmọ yè, ṣùgbọ́n eyín méjì lọ.

Ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa. Òótọ́ ni pé oyún máa ń mú kí erìgì wú, kó sì tètè ṣẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ìdí eyín ló ń sọ ọ́ di àìsàn. Ọmọ inú kì í jẹ eyín ìyá rẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride fọ ẹnu láàárọ̀ àti kí ẹ tó sùn. Orin ata kò burú, ẹ má ṣáà fi gún erìgì. Ẹ má tìtorí ẹ̀jẹ̀ dẹ́kun fífọ ẹnu. Bí ẹ bá bì, omi kíkan inú ikùn ń mú ara eyín rọ̀. Ẹ fi omi ṣan ẹnu ná, kí ẹ dúró tó wákàtí kan kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Míńírà tí à ń mu díẹ̀díẹ̀ nídìí ọjà látàárọ̀ dalẹ́ náà ń ba eyín jẹ́.

Ẹ lọ rí dókítà eyín. Wọ́n wà ní OAUTHC, nínú Ilé-Ifẹ̀ wa níbí. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ lóyún, àti iye oṣù rẹ̀. Oṣù kẹrin sí ìkẹfà ló rọrùn jù fún ìtọ́jú, ṣùgbọ́n eyín tó ń ro yín tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú kò gbọdọ̀ dúró de oṣù kankan. Ẹ má fúnra yín ra oògùn: tetracycline lè mú kí eyín ọmọ yọ ní pípọ́n.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ka owó káàdì sí ìnákúnàá. Gbogbo wa la mọ̀ pé gbèsè kékeré tó pẹ́ nílẹ̀, èlé ni yóò máa gùn ún. Bẹ́ẹ̀ ni eyín rí. Kí Olúwa sọ àwọn aláboyún wa kalẹ̀ láyọ̀, kí wọ́n sì fi gbogbo eyín wọn rẹ́rìn-ín sí ìkókó.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́