Òjé inú tìróò ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ìyá ní Kẹ́mta, l'Abẹ́òkúta, àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ti ń lé tìróò sójú ọmọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òjé wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe é.

Lọ́dún 2011, ní Boston, l'Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan, ọmọ Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò rẹ̀ wò, ó lé ní ìdá 80 nínú 100 tó jẹ́ òjé.

Bí ọmọ bá fọwọ́ nu ojú, tó sì ti ọwọ́ bọ ẹnu, òjé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ara á ṣì í mú fún kálísíọ́mù tí àwọn iṣan fi ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ, iṣẹ́ náà á sì dàrú. Òye ọmọ á dín kù; bó bá pọ̀ jù, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ní Zamfara, lọ́dún 2010, òjé inú òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400.

Kò sí ìwọ̀n òjé tí kò léwu. Ọmọ tí wọ́n bá ti lé tìróò fún, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kàn.