Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Òṣùpá

"Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni." Ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ tí aráyé fojú tín-ín-rín ni wọ́n máa ń pa òwe yìí sí ní Ọ̀sì àti Ìlọ́fà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, torí ìràwọ̀ gan-an ń jẹ́rìí sí i. Èyí tó ń yọ lẹ́bàá òṣùpá nírọ̀lẹ́ sábà máa ń jẹ́ Venus. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jáde lóru ọ̀gànjọ́, tí ẹ rí ọ̀kan tó dúró ti òṣùpá, tó ń tàn yòò tí kò ṣẹ́jú, Venus kọ́. Venus kì í jìnnà sí oòrùn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Jupiter, tó tóbi ju gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì yòókù lọ. Òun alára ní òṣùpá tó lé ní 90.

Kì í ṣe inú òwe nìkan ni ìràwọ̀ wà: àwọn baba wa gbà pé kálukú ló ní tirẹ̀ lókè. Bí ti ẹnìkan bá ṣókùnkùn, wọ́n á gún ewé mọ́ ọṣẹ dúdú, wọ́n á da omi ìgbín sí i, wọ́n á fi kàn-ìn-kàn-ìn titun fọ orí rẹ̀ létí odò ní ìdájí. Kàn-ìn-kàn-ìn náà á bá odò lọ. Pé ọṣẹ lè tan ìràwọ̀, èmi ò gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyá rẹ̀ bá fọ orí fún máa ń gbójúgbóyà jáde nílé.

Ààbò mìíràn tún wà: ọdẹ kì í wọ igbó kìjikìji láì so ìgbàdí, awọ tí wọ́n rán oògùn sínú rẹ̀. Jupiter náà so tirẹ̀, ojú ni ò rí i. Òòfà inú rẹ̀ ló mú àwọn nǹkan tó kéré ju eruku lọ, tó ń gbé wọn yí ara rẹ̀ po, tí eré àwọn mìíràn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìmọ́lẹ̀. Imí-ọjọ́ wà nínú wọn! Io, ọ̀kan nínú òṣùpá rẹ̀, kún fún òkè tó ń pọ iná. Èéfín imí-ọjọ́ tó ń tú kúrò lára rẹ̀ tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Imí-ọjọ́ yìí kan náà ni àwọn ìyá wa ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tewé-tegbò. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ àdí, wọ́n á fi pa ọmọ tó ní lápálápá tàbí tí ara ń yún lálẹ́. Òórùn rẹ̀ kì í tètè kúrò lára ẹní. Oògùn gidi ni. Àwọn dókítà náà ń lo ìpara imí-ọjọ́ fún ara yínyún.

Nígbà tí ọkọ̀ Pioneer 10 ti Amẹ́ríkà kọjá lẹ́bàá Jupiter ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1973, ìgbàdí yìí da ẹ̀rọ rẹ̀ láàmú débi pé àwòrán díẹ̀ sọnù. Ọkọ̀ Juno tó débẹ̀ ní 2016 ti gbọ́n: inú àpótí titanium tí ògiri rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1 ni wọ́n kó ọpọlọ rẹ̀ sí. Europa Clipper tó gbéra ní 2024 wà lọ́nà, yóò dé ní 2030. Kò ní dúró ti Europa, òṣùpá Jupiter tí wọ́n rán an sí. Ṣe ni yóò máa sáré kọjá lára rẹ̀, yóò sá jáde kúrò nínú ìgbàdí náà, yóò tún padà wọ̀ ọ́, nǹkan bí ìgbà 49.