Covid-19: Ṣé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ara ẹni ṣe lè mú kí èèyàn tún gbọ́ òórùn?

Ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, ọdún 2020, ìjọba Burkina Faso kéde pé àwọn méjì ti ní Covid-19 nílùú Ouagadougou. Àwọn ni àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè náà.

Láìpẹ́, gbogbo ayé mọ̀ pé àrùn náà lè mú kí imú má gbọ́ òórùn mọ́. Ti ọ̀pọ̀ èèyàn padà bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ àwọn mìíràn ṣì wà tí wọn kò gbọ́ òórùn irú, tí wọ́n ń pè ní soumbala ní Burkina Faso, kódà tó bá wà lórí iná níwájú wọn.

Kì í ṣe adùn ọbẹ̀ nìkan ni ẹni bẹ́ẹ̀ pàdánù. Gáàsì lè máa jò nínú ilé, kí ó má mọ̀. Oúnjẹ lè ti bàjẹ́, kí ó sì jẹ ẹ́.

Kí ni abẹ́rẹ́ PRP?

Dókítà yóò fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára aláìsàn, yóò sì gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí kíákíá láti ya omi inú ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀.

Inú omi yìí ni 'platelet' pọ̀ sí. Òun ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá tí a bá fara pa, ó sì ní àwọn èròjà tó ń mú kí ojú ọgbẹ́ san. Omi náà ni wọn yóò gún sí òkè inú imú, nítòsí ibi tí a fi ń gbọ́ òórùn.

Kí ni ìwádìí sọ?

Carol Yan, Zara Patel àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà dán an wò lára àwọn tí kò gbọ́ òórùn dáadáa fún oṣù 6 sí 12 lẹ́yìn Covid. Wọ́n gún àwọn kan ní PRP lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n gún àwọn yòókù ní omi iyọ̀ lásán.

Lẹ́yìn oṣù 3, nǹkan bí ìdá 57 nínú 100 àwọn tó gba PRP ló ṣe dáadáa sí i nínú ìdánwò òórùn. Ìdá 8 péré ni ti àwọn tó gba omi iyọ̀.

Ṣùgbọ́n èèyàn 26 péré ló parí ìwádìí náà. Nígbà tí wọ́n sì bi àwọn aláìsàn fúnra wọn bí imú wọn ṣe rí, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín ìsọ̀rí méjèèjì.

Kí ni ẹ lè ṣe nílé?

Ìtọ́jú kan wà tí kò nílò abẹ́rẹ́. Ní ọdún 2009, Thomas Hummel àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì gbé ìwádìí jáde lórí bí èèyàn ṣe lè kọ́ imú ní òórùn padà. Òórùn mẹ́rin ni wọ́n lò: òdòdó róòsì, lẹ́mọ́ọ̀nù, eucalyptus àti kànáfùrù. Àwọn aláìsàn ń fín wọn símú láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 12.

Tí imú yín kò bá gbọ́ òórùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun, nítorí kì í ṣe Covid nìkan ló ń fà á. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe dókítà gún yín ní abẹ́rẹ́ kankan sínú imú.