Yíyà Lójú Ọ̀nà: Ìrìn Ẹ̀kọ́ àti Ìgbàgbọ́ fún Ìdílé Kátólíìkì Tó Ń Kọ́ Ọmọ Nílé

Kíkọ́ ọmọ nílé ni ètò tí bàbá àti ìyá fi ń ṣe olùkọ́ ọmọ wọn fúnra wọn, tí ìwé kíkà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ fi ń wáyé nínú ilé, dípò kí ọmọ máa jí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tàbí ti aládàáni. Kò tíì wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 sì fi dandan lé e fún òbí pé kí ọmọ ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama, nítorí náà ẹni tí ó bá yan ọ̀nà yìí ní láti tọ́jú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọmọ dáadáa, kí ó sì fọ̀rọ̀ lọ àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́. Ní ti ìjọ Kátólíìkì, Àpérò Fátíkánì Kejì, ìyẹn ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbogbo ayé tí ó wáyé láti 1962 sí 1965, kọ́ni pé òbí ni olùkọ́ àkọ́kọ́ ọmọ, gbólóhùn tí àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀ kì í gbàgbé.

Ìwé lè kún ilé títí, kí ọmọ má tíì fojú kan ibì kan ṣoṣo nínú àwọn ibi tí ìwé náà dárúkọ. Ohun tí ó lè dí àlàfo yìí láìná owó púpọ̀ ni yíyà lójú ọ̀nà, èyí tí í ṣe pé kí ìdílé tí ìnáwó, ìsìnkú tàbí ìbẹ̀wò sọ́dọ̀ ìyá àgbà bá gbé jáde fi wákàtí díẹ̀ kún ìrìn náà, kí wọ́n yà wo ibi tí ó ní ìtàn. Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Èkó tí ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí, ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòtún àti ti Ẹ̀gbẹ̀dá fi gbajúmọ̀ jù, ṣùgbọ́n ibi tí ó wà dára fún irú ìrìn yìí: ẹni tí ó bá gba Ìgándò kọjá LASU, ìyẹn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, yóò já sí títì Àgbádárìgì ní Ìyànà Ìbá, ẹni tí ó bá sì gba Ẹ̀gbẹ̀dá yóò bá títì Abẹ́òkúta pàdé ní Ìyànà Ìpájà. Ojú ọ̀nà méjèèjì yìí ni púpọ̀ nínú ìtàn bí ìgbàgbọ́ ṣe wọ ilẹ̀ Yorùbá wà.

Ní Àgbádárìgì, kò yẹ kí òbí Kátólíìkì fi pamọ́ fún ọmọ pé àwọn mìíràn ló kọ́kọ́ dé. Ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà dé ìlú náà, ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn Áńgílíkà parí ní 1845, sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ọmọ tí ó ti mọ àyọkúrò lè fi ọdún náà ṣírò ọjọ́ orí ilé náà kí ó tó gun àtẹ̀gùn. Òkè odò ni Tọpó wà, níbi tí àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ SMA, ẹgbẹ́ ajíhìnrere tí bíṣọ́ọ̀bù Faransé kan, Melchior de Marion Brésillac, dá sílẹ̀ ní Lyon ní 1856, ti bẹ̀rẹ̀ oko ìjọ ní 1876. Etíkun kan náà ni wọ́n ti kó ẹrú lọ, a kò sì lè kọ́ ọmọ ní èkínní kí a yọ èkejì sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́fà lè dúró sí ibi oko ná, kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ilé tí wọ́n ń há ẹrú mọ́.

Ìtàn tí ó bá ìdílé tó ń kọ́ ọmọ nílé mu jù lọ wà ní Erékùṣù Èkó. Kí àlùfáà kankan tó fìdí kalẹ̀ níbẹ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, tí ó ti fìgbà kan ṣe ẹrú, ló ń kó àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n padà bọ̀ láti ilẹ̀ Bùràsíìlì, jọ fún rósárì, tí ó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, tí ó sì ń gbàdúrà níbi òkú wọn. Kò lè ṣe Míìsà, nítorí pé kì í ṣe àlùfáà, ṣùgbọ́n nígbà tí Fadá Francesco Borghero bẹ Èkó wò ní 1863, ìjọ ni ó bá, kì í ṣe aṣálẹ̀. Ọdún 1868 ni àwọn fadá tó wá jókòó síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ kátíkíìsì tí ó ń wáyé lórí tábìlì oúnjẹ ní Ẹ̀gbẹ̀dá sún mọ́ iṣẹ́ Pa Antonio ju ti ilé ẹ̀kọ́ ńlá èyíkéyìí lọ, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ gbọ́ èyí nígbà tí wọ́n bá dúró nínú kàtídírà Holy Cross. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí jẹ́ ti àwọn ọdún 1930, ṣùgbọ́n àwọn Àgùdà oníṣẹ́ ọwọ́, Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre, ló kọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Kí wọ́n má ṣe padà láìwo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, nítorí Àgùdà mìíràn, João Baptista da Costa, ló kọ́ ọ, ọmọ tí ó bá sì lajú yóò rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ kan náà sin ẹ̀sìn méjèèjì.

Abẹ́òkúta kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹni tí ó bá ń lọ síbẹ̀ fún òwàm̀bẹ̀ lè yà sí Lántòrò, níbi ilé ìwòsàn Sacred Heart tí Fadá Jean-Marie Coquard dá sílẹ̀ ní 1895, kí wọ́n tó lọ gun Olúmọ. Aláìsàn ló wà níbẹ̀, nítorí náà ìta ni kí àwọn ọmọ ti gbọ́ ìtàn, kí wọ́n sì gbàdúrà níwọ̀nba.

Ibi kan ṣoṣo fún ìrìn kan tó, ẹni tí ó bá fẹ́ wo mẹ́rin lọ́jọ́ kan yóò mú ọmọ tí ó sùn sẹ́yìn ọkọ̀ padà wálé. Àǹfààní tí ìdílé wọ̀nyí ní ni pé wọ́n lè jáde ní ọjọ́ Túsìdeè, nígbà tí èrò kò pọ̀, kìkì pé kí wọ́n kọ́kọ́ pe ọ́fíìsì ìjọ tí wọ́n ń lọ, nítorí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì lè wà ní títì pa láàárín ọ̀sẹ̀. Rósárì wúlò púpọ̀ nínú gosiló, ìwé kékeré kan sì tó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti ya àwòrán, kí ó kọ ọdún àti orúkọ tí ó bá rí lára ògiri àti ibojì sí i.

Ìrìn tí ó jìnnà jù ni ti ilẹ̀ Bìní olómìnira, níbi tí Borghero gúnlẹ̀ sí ní Ouidah ní 1861, tí Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún sì ti fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ sí ìjọ Áfíríkà, Africae Munus, ní oṣù kọkànlá 2011. Ní Dassa, ìyẹn Ìdásà, lápá àríwá, ihò àpáta Màríà Wúńdíá tí wọ́n ń pè ní Arigbo ń gba àwọn onírìn àjò mímọ́ lọ́dọọdún ní oṣù kẹjọ, lẹ́yìn àjọ̀dún Gbígbà Màríà sí Ọ̀run. Ẹ̀ka èdè Yorùbá ni àwọn ará Ìdásà ń sọ, nítorí náà ọmọ Ìkòtún tí Faransé inú ìwé ń dà láàmú lè fi èdè ilé rẹ̀ kí àgbàlagbà ibẹ̀. Òfin ECOWAS ti 1979 kò béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tí kò ní lò ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ, ṣùgbọ́n tọmọdé tàgbà ni kí ó mú ìwé ìrìnnà àti yẹ́lò káàdì, ìyẹn káàdì àbẹ́rẹ́ àjẹsára, dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, òbí tí ó bá sì ń dá kó ọmọ kọjá yóò ṣe dáadáa láti mú ìwé ìbí ọmọ àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda láti ọwọ́ èkejì rẹ̀ dání.