Orúkọ ẹni tó lù ú

Yí ife fàdákà Amẹ́ríkà àtijọ́ dé, orúkọ alágbẹ̀dẹ ni wàá rí nídìí rẹ̀. Owó fàdákà ló fà á. Ní nǹkan bí 250 ọdún sẹ́yìn, ìlú Boston ní Amẹ́ríkà kò ní fàdákà tirẹ̀ nínú ilẹ̀. Owó ilẹ̀ òkèèrè tí òwò gbé wọlé ni wọ́n ń yọ́. Oníbàárà a kó owó rẹ̀ wá, wọn a wọ̀n ọ́n, wọn a yọ́ ọ, wọn a fi òòlù lù ú di ife tàbí ṣíbí. Báńkì kò tíì sí níbẹ̀, nítorí náà orí tábìlì ni owó ilé wà. Òǹtẹ̀ alágbẹ̀dẹ ló ń jẹ́rìí pé kò fi bàbà lú u. Paul Revere, alágbẹ̀dẹ fàdákà kan ní Boston, lu abọ́ ńlá kan ní 1768 láti bu iyì fún àwọn aṣòfin 92 tí wọ́n kọ̀ láti fagi lé lẹ́tà tí wọ́n fi tako owó ibodè ọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Museum of Fine Arts ní Boston ra abọ́ náà ní 1949, àwọn ọmọ ilé ìwé pàápàá dá owó sí i.

Wọ́n yọ́ owó ní Àgbómẹ̀, ní ilẹ̀ Benin òní, náà. Òwò ẹrú àti epo pupa ló gbé owó ọ̀hún dé. Ìdílé Hountondji, alágbẹ̀dẹ ọba, a lu fàdákà di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn a kàn án mọ́ ère igi. Kìnnìún ni àmì Glèlè, tó jọba láti 1858 sí 1889. Ẹni tó rí kìnnìún náà mọ ọba. Ta ló lu fàdákà rẹ̀? Ara ère kò sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Tchetti, a mọ orúkọ alágbẹ̀dẹ kan. Doumè, tí ẹ jọ wà ní kọ́múùnù Savalou, ni ìtàn ní ọmọ ogun Ghézo, ọba Àgbómẹ̀, ti mú alágbẹ̀dẹ náà, Akati Ekplékendo, lọ sí Àgbómẹ̀. Òun ló fi irin ṣe Gu, tí àwa ń pè ní Ògún, ère tó ga tó ènìyàn. Ọ̀gágun Faransé kan gbé e kúrò ní Ouidah ní 1894. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris ló wà báyìí. Ohun 26 ni Faransé dá padà fún Benin ní oṣù kọkànlá 2021. Gu kò sí nínú wọn.

Ọmọ Boston lè wọ ọkọ̀ lọ wo abọ́ tí àwọn àgbà rẹ̀ dá owó rà. Ọmọ Tchetti tó bá fẹ́ fojú rí iṣẹ́ ará Doumè yóò kọ́kọ́ gba físà.