Ẹnì Kan Láàárín Ọ̀rọ̀-Ìṣe

Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: "Mo tan ẹnì kan jẹ." "Ẹnì kan tàn mí jẹ." Bí èkejì bá wà lọ́kàn yín, tí ẹ wá sọ èkíní fún ìyá àgbà lórí fóònù, ẹ ti fi ẹnu ara yín pe ara yín ní ẹlẹ́tàn. Ẹ tún wò wọ́n dáadáa. Kì í ṣe ipò àwọn ọ̀rọ̀ nìkan ló yàtọ̀: "tan" ló wà nínú èkíní, "tàn" ló wà nínú èkejì. Kí ló fà á?

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, tànjẹ. Irú rẹ̀ là ń pè ní ọ̀rọ̀-ìṣe elélà, nítorí pé ó máa ń là sí méjì kí àbọ̀ lè wọ àárín rẹ̀. Bàjẹ́, dàrú, gbàgbọ́ àti jákulẹ̀ náà wà lára wọn. Ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé òun ti mọ irú èyí tẹ́lẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì náà ní "let someone down", tí àwa ń pè ní já ẹnì kan kulẹ̀. Ìjọra náà kò jìnnà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè sọ pé "pick someone up", ẹ sì lè sọ pé "pick up someone". Yorùbá kò fún yín láyè bẹ́ẹ̀: ẹ kò ní gbọ́ "Ó tànjẹ ẹnì kan" lẹ́nu ọmọ Yorùbá. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tó gùn ló ń là. Gbàgbọ́ ń là, gbàgbé kì í là: "Mo gba ẹnì kan gbọ́", ṣùgbọ́n "Mo gbàgbé ẹnì kan". Ẹ kàn ní láti kọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ohùn. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan bá ní ohùn ìsàlẹ̀, ohùn yẹn á di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ kúkúrú ló tẹ̀ lé e, bíi mí, ọ́ tàbí wá, kì í yí padà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé "Ó bà á jẹ́", "Ó gbà wá gbọ́", ṣùgbọ́n "Ó ba ilé jẹ́", "Ó gba Adé gbọ́". Ó yá, ẹ fi ẹnì kan, nǹkan, ẹnikẹ́ni àti ohunkóhun sí àárín: "Ó gba ẹnì kan gbọ́", "Ó ba nǹkan jẹ́", "Kò tan ẹnikẹ́ni jẹ". Ohùn àárín ni gbogbo wọn ń fà. Ìwé gírámà Gẹ̀ẹ́sì lè máa pe irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní arọ́pò-orúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-orúkọ ni Yorùbá kà wọ́n sí. Kò sì yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni ẹni, kan ló ń yán an. Ẹni-kí-ẹni ló di ẹnikẹ́ni, ohun-kí-ohun ló di ohunkóhun, bí ìwà ṣe di ìwàkíwà. (Ìwàkíwà kì í ṣe ìwà tó dára o! Ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀ kò ní àbùkù kankan.)

Lágbájá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: "Ó tan lágbájá jẹ." Ẹni tí a kò fẹ́ dárúkọ ni lágbájá, òun náà sì ni orúkọ tí olórin tó máa ń fi ìbòjú bo ojú rẹ̀ mú.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kan ṣe kékeré: kan. "Ẹ ti ba nǹkan jẹ́!" túmọ̀ sí pé gbogbo ọ̀rọ̀ ti dàrú. "Ó ba nǹkan kan jẹ́" ń tọ́ka sí ohun kan pàtó, bóyá àwo, bóyá fóònù, tí olùsọ̀rọ̀ kò tíì dárúkọ. Bí orúkọ ohun náà bá fò ó lórí, á ní "Ó ba kinní kan jẹ́." Bákan náà, "Ọ̀rẹ́ yẹn lè já èèyàn kulẹ̀" kò dárúkọ ẹnì kankan, síbẹ̀ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ń sọ ọ́ gan-an ni wọ́n já kulẹ̀.

Ẹ má wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún "nobody", torí kò sí. Àyísódì ló ń ṣe iṣẹ́ náà: "Kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́", "Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́."

Ibi tó le jù ni ìgbà tí a bá gbé àbọ̀ lọ sí iwájú. Àárín á ṣófo, apá méjèèjì á tún pàdé, ohùn ìsàlẹ̀ á sì padà: "Ta lo tàn jẹ?" Ìwọ lo tan ẹlòmíràn nìyẹn. "Ta ló tàn ọ́ jẹ?" Wọ́n tan ìwọ nìyẹn. Ẹ tún wo mẹ́ta yìí: "Ẹnì kan ló tàn án jẹ" (wọ́n tàn án), "Ẹnì kan ló tàn jẹ" (òun ló tan ẹlòmíràn), "Ẹnì kan lo tàn jẹ" (ìwọ lo ṣe é). Láìsí àmì ohùn, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń kọ ọ́ lórí WhatsApp, méjì tó gbẹ̀yìn á di ọ̀kan náà. Bí ọ̀rẹ́ yín bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ pè é lórí fóònù kí ẹ tó bínú.