Ahmedabad: Ìlú Íńdíà tó fi iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ṣe àmì ìdánimọ̀

Ẹ bi ọ̀dọ́ mẹ́wàá pé ibo ni wọ́n máa kọ́kọ́ lọ bí wọ́n bá dé Íńdíà. Ó ṣeé ṣe kí mẹ́sàn-án dáhùn pé Taj Mahal. Mi ò bá wọn jà. Ilé náà rẹwà, fọ́tò rẹ̀ sì máa ń dùn ún wò lórí Instagram. Àmọ́ bí ẹ bá bi èmi, Ahmedabad ni màá ní kí ẹ lọ, ìdí rẹ̀ sì kọjá ọ̀rọ̀ fọ́tò. Ohun tí ìlú yẹn fi ń yangàn jù lọ, ọmọ Áfíríkà ló kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí à ń sọ ná. Ahmedabad wà ní ìpínlẹ̀ Gujarat, ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, létí odò Sabarmati. Sultan Ahmad Shah ló tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1411, orúkọ rẹ̀ náà ni ìlú ń jẹ́. Ní oṣù keje ọdún 2017, àjọ UNESCO fi apá àtijọ́ ìlú náà sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, ìwé kan náà tí igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo wà nínú rẹ̀ láti 2005. Kò sí ìlú mìíràn ní Íńdíà tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Òkúta tó dà bíi léèsì

Mọ́ṣáláṣí Sidi Saiyyed ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kò tóbi rárá. Bí ẹ bá wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹ lè kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ yí lọ sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì gbójú sókè. Òkúta ni àwọn fèrèsé tó wà lókè ògiri yẹn, àmọ́ wọ́n gbẹ́ wọn débi tí èèyàn fi máa rò pé léèsì ni wọ́n ta síbẹ̀. Lára méjì nínú wọn, igi kan na ẹ̀ka rẹ̀ káàkiri, ẹ̀ka ń lọ́ mọ́ ẹ̀ka, ewé ń wọnú ewé, igi ọ̀pẹ sì wà láàrin wọn. Gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí ihò, ọwọ́ ènìyàn ló fi irin gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀.

Sidi Saiyyed tó kọ́ mọ́ṣáláṣí náà, ará Habasha ni, ìyẹn ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Etiópíà lónìí. Ó gba Yemen dé Gujarat, ó sin àwọn ìjòyè ológun níbẹ̀, ó sì di ẹni ńlá. Láàrin 1572 sí 1573 ni iṣẹ́ náà wáyé, lásìkò tí Akbar, ọba àwọn Mughal, ń gba ilẹ̀ náà mọ́ àwọn Sultan lọ́wọ́. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n sọ mọ́ṣáláṣí yìí di ọ́fíìsì ìjọba fún ìgbà kan. Wọ́n ti dá a padà báyìí, wọ́n sì ń kírun níbẹ̀ títí di òní.

Igi ara fèrèsé yẹn ló wá di àmì ìdánimọ̀ Ahmedabad. Ẹ máa rí i lára àwọn ẹ̀bùn tí wọ́n ń tà fún àlejò. Indian Institute of Management tó wà nílùú náà, ọ̀kan lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ òwò tó lórúkọ jù ní Íńdíà, inú rẹ̀ ló ti mú lógò rẹ̀. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ilé ẹ̀kọ́ náà fẹ́ pààrọ̀ lógò ní 2022, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ibẹ̀ ló yarí. Ẹ ò rí i pé wọ́n fẹ́ràn nǹkan náà gan-an.

Bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ

Sidi Saiyyed nìkan kọ́ ni ọmọ Áfíríkà tó dé Gujarat láyé àtijọ́. Bí ẹrú ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn dé. Àwọn mìíràn wá bí ọmọ ogun, atukọ̀ àti oníṣòwò. Àtọmọdọ́mọ wọn ṣì wà níbẹ̀. Sidi ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní Jambur, abúlé kan lẹ́bàá igbó Gir ní Gujarat, ẹ máa rí àwọn èèyàn tó jẹ́ pé bí ẹ bá pàdé wọn ní Ọ̀jọ́ta, ẹ̀ẹ́ kí wọn ní Yorùbá, àmọ́ Gujarati ni wọ́n máa fi dáa yín lóhùn. Wọ́n ń lùlù, wọ́n sì ń jó ijó tí wọ́n ń pè ní dhamal. Òfin Íńdíà kà wọ́n mọ́ àwọn ẹ̀yà tó yẹ kí ìjọba ràn lọ́wọ́, torí pé ìṣẹ́ pọ̀ láàrin wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára nìyí. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ní Ahmedabad yìí kan náà, àwọn jàǹdùkú ya wọ ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè ní Gujarat University, níbi tí àwọn kan ti ń kírun lásìkò ààwẹ̀ Ramadan. Àwọn ọmọ Áfíríkà wà lára àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Wọ́n lu èèyàn, wọ́n sì ba dúkìá jẹ́. Ọlọ́pàá padà mú àwọn kan. Ọdún méje ṣáájú ìyẹn, ní Greater Noida lẹ́bàá Delhi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ni wọ́n lù lálùbolẹ̀.

Mi ò sọ pé gbogbo ará Íńdíà ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa gba àlejò tọwọ́ tẹsẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ó rọrùn láti fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ju kí á fẹ́ràn èèyàn fúnra rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ọmọ dúdú tó bá dé ibẹ̀ lọ dúró níwájú fèrèsé yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹjú mọ́ ọn lójú pópó bíi pé ó ṣìnà dé ibẹ̀ ni, kó rántí pé ó ti lé ní 450 ọdún tí ẹni tó jọ òun ti fi nǹkan sílẹ̀ nílùú náà.

Rírìn láti tẹ́ńpìlì dé mọ́ṣáláṣí

Láti ibẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn wọ ìlú àtijọ́. Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti ń mú àlejò yí ibẹ̀ ká láràárọ̀. Tẹ́ńpìlì Swaminarayan ní Kalupur, tó ti wà láti 1822, ni wọ́n ti ń gbéra. Jama Masjid, tí wọ́n kọ́ parí ní 1424 pẹ̀lú òpó òkúta 260, ni wọ́n ń parí rẹ̀ sí. Láàrin méjèèjì, ẹ máa gba inú àwọn pol kọjá. Agbo ilé ni pol: ẹnu ọ̀nà kan, ilé tó fara ti ara wọn, igi tí wọ́n fín ọnà sí lára, àti ilé kékeré lórí òpó tí wọ́n ti ń bọ́ ẹyẹ. Èèyàn ṣì ń gbé inú wọn, wọ́n ń sá aṣọ, wọ́n ń pariwo lé ọmọ lórí.

Ẹ má gbàgbé Teen Darwaza, géètì oníhò mẹ́ta. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé lóru ọjọ́ kan, Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀, fẹ́ fi ìlú sílẹ̀. Ọdẹ tó ń ṣọ́ géètì bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró títí òun á fi lọ gbàṣẹ lọ́dọ̀ ọba. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọba, ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i kí òun má baà padà, kí òrìṣà náà lè dúró síbẹ̀ títí láé. Lónìí, àtùpà kan ń jó lára géètì náà fún òrìṣà àwọn Híńdù, ìdílé Mùsùlùmí ló sì ń bójú tó o. Gujarat yìí kan náà ni rògbòdìyàn ẹ̀sìn ti pa èèyàn tó lé ní 1,000 ní 2002, Ahmedabad sì wà lára ibi tó ti le jù. Ẹ wá rí i pé àtùpà yẹn kì í ṣe ohun ẹ̀ṣọ́ lásán.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, Manek Chowk ló kàn. Lọ́sàn-án, ọjà góòlù àti fàdákà ni. Lálẹ́, àwọn alágbàtà góòlù á ti ṣọ́ọ̀bù, àwọn olóúnjẹ á gbé tábìlì jáde. Ẹ jẹ pav bhaji níbẹ̀, ìyẹn búrẹ́dì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó ta sánsán. Ẹni tí ò lè ṣe kó má jẹran, kó lọ sí Bhatiyar Gali.

Fún àwa tó ka òfin

Lọ́yà ni Gandhi, Inner Temple ní London ló sì ti gba ìwé rẹ̀. Àgbàlá tó ń gbé láti 1917, Sabarmati Ashram, ọ̀fẹ́ ni láti wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ lòun àti àwọn èèyàn 78 ti gbéra lọ́jọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1930, tí wọ́n fẹsẹ̀ rin kìlómítà tó lé ní 380 lọ sí etí òkun ní Dandi, torí owó orí tí Gẹ̀ẹ́sì gbé lé iyọ̀. Iyọ̀ o, tí tálákà ò lè ṣe kó má jẹ.

Àmọ́ ohun tó wù mí jù ṣẹlẹ̀ ní Circuit House ní Shahibaug, lọ́jọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1922. Wọ́n gbé Gandhi wá síwájú Adájọ́ Broomfield, wọ́n ní ohun tó ń kọ ń mú ará ìlú kórìíra ìjọba. Kò jiyàn, ó ní òun jẹ̀bi. Ó wá sọ fún adájọ́ pé ọ̀nà méjì ló wà: bó bá gbà pé òfin náà burú, kó fi ipò sílẹ̀, bó bá gbà pé ó dáa, kó fún òun ní ìyà tó le jù. Adájọ́ yìn ín, ó sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà. Inner Temple yọ orúkọ rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ọdún 1988 ni wọ́n tó dá a padà, nígbà tó ti kú láti ogójì ọdún. Irú òfin yẹn kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì gbé wọ Gúúsù Nàìjíríà ní 1909, kí wọ́n lè pa àwọn oníwèé ìròyìn lẹ́nu mọ́.

Kí ẹ tó gbéra

Ẹ yà ní Adalaj, bíi kìlómítà 18 sí ìlú. Kànga alátẹ̀gùn ni, àjà márùn-ún lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀, láti 1499. Bí ẹ bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ara á máa tù yín. Láyé ìgbà tí kò sí fíríìjì, ibi ìsinmi arìnrìn-àjò nìyẹn.

Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dáa jù, torí pé oòrùn oṣù kárùn-ún ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Bí ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù kìíní, ẹ máa bá gbogbo ìlú lórí òrùlé, tí wọ́n ń fò káìtì. Calico Museum, tí aṣọ àtijọ́ kún inú rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ̀yin olómi gbígbóná, ẹ gbọ́ o: òfin ò fàyè gba ọtí ní Gujarat, àfi kí àlejò gba ìwé àṣẹ. Ẹ mú káàdì àjẹsára ibà pọ́njú dání pẹ̀lú.

Òfin lè ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òkúta, UNESCO sì lè kọ ọ́ sínú ìwé. Fèrèsé Sidi Saiyyed ti rí ààbò gbà. Ó ku kí àwọn ọmọ Jambur, àti akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó ń dá rìn lọ sí yàrá rẹ̀ lálẹ́, rí irú ààbò bẹ́ẹ̀ gbà ní Íńdíà.